Bí Epo Ṣe Lè Pẹ́ Nínú Ọkọ̀ Hybrid Yín

Inú táńkì epo ni gbogbo agbára tó ń gbé ọkọ̀ hybrid, ìyẹn ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì elépo àti ẹ̀rọ iná pọ̀, ti ń wá, àfi irú èyí tí a máa ń ki wáyà iná bọ̀. Iná tó wà nínú bátìrì ńlá ẹ̀yìn yẹn, ẹ́ńjìnnì ló fi epo ṣe é, tàbí kó jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ ń dẹ eré ló gbà á padà lára eré tí epo ti kọ́kọ́ mú un sá. Nítorí náà, iná "EV" tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù láti sọ pé iná bátìrì nìkan ló ń gbé ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àwìn ni, àwìn tó sì ní èlé. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹnẹrétọ̀, díẹ̀ nínú agbára á di ooru. Nígbà tí iná bá ń wọ bátìrì, díẹ̀ á lọ. Nígbà tó bá tún ń jáde padà sí ẹ̀rọ iná tó ń yí táyà, díẹ̀ á tún lọ.

Ẹni tí èyí bá yé kò ní máa lé dídákẹ́ ẹ́ńjìnnì kiri. Ibi tí agbára ń gbà ṣòfò ni yóò máa ṣọ́: táyà, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà, bíréèkì, ẹ́ńjìnnì tí kò tíì gbóná. Orí ìyẹn ni gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé.

Ibi tí èrè hybrid ti ń wá

Ọ̀nà mẹ́ta ló gbà ń dín epo kù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ a máa kú nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tàbí tó bá ń yọ́ rìn. Nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ iná tó ń yí táyà á di jẹnẹrétọ̀, á máa sọ eré ọkọ̀ di iná dípò kí pádì bíréèkì sọ ọ́ di ooru lásán. Ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí: nítorí pé ẹ̀rọ iná wà níbẹ̀ láti ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà lè fi ẹ́ńjìnnì kékeré sí i, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Atkinson, tí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára ṣùgbọ́n tó mọ epo lò. Toyota sọ pé ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 tó wà nínú hybrid wọn, Prius ìran kẹrin, lè sọ tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún agbára inú epo di iṣẹ́ nígbà tí nǹkan bá bá a lára mu.

Ìdí nìyí tí hybrid fi ń tàn nínú ìlú ju ojú ọ̀nà márosẹ̀ lọ. Àjọ EPA, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àyíká ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ fún Prius ọdún 2010 pé máìlì 51 ni yóò rìn lórí gálọ́ọ̀nù kan nínú ìlú, 48 ní márosẹ̀. Ọkọ̀ elépo lásán, òdìkejì rẹ̀ ni. Bí ẹ bá ra hybrid, tó jẹ́ pé eré àsápajúdé ní márosẹ̀ nìkan lẹ ń fi ṣe, ẹ ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú èrè rẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ iye tó ń jẹ

Ẹ má gbára lé ohun tí dáṣíbọ́ọ̀dù ń sọ nìkan. Ó sábà máa ń pọ́n ara rẹ̀ lé díẹ̀. Ẹ kún táńkì títí ẹnu ẹ̀rọ ilé epo á fi já fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má ṣe fún un ní àfikún. Ẹ sọ òǹkà ìrìn di òdo. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ ra epo, ẹ kún un bákan náà, ó sàn bó bá jẹ́ ojú ẹ̀rọ kan náà. Ká ní lítà 36.4 ló gbà, ọkọ̀ sì ti rin kìlómítà 780: ẹ fi 780 pín 36.4, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ẹ ó rí 4.67. Ìyẹn ni lítà tó jẹ lórí kìlómítà ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣe é fún bíi táńkì mẹ́ta kí ẹ tó yí ohunkóhun padà. Táńkì kan ṣoṣo kò lè jẹ́rìí, torí pé òjò, ooru, ẹrù àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè tì í sókè tàbí sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó fi afẹ́fẹ́ kún táyà, tó pààrọ̀ ọ́ìlì, tó sì yí bó ṣe ń wa ọkọ̀ padà lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èwo ló ṣiṣẹ́.

Fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń fi máìlì orí gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà hàn, ẹ fi iye náà pín 235, lítà lórí kìlómítà ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Mo fẹ́ràn ti lítà ju ti máìlì lọ, torí pé ti máìlì máa ń tan ni. Ọkọ̀ tó kúrò ní máìlì 20 bọ́ sí 25 fi ju lítà méjì pamọ́ lórí kìlómítà ọgọ́rùn-ún. Èyí tó kúrò ní 45 bọ́ sí 50 fi nǹkan bí ìdajì lítà péré pamọ́. Márùn-ún náà ni méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹgbẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: táyà, àti bíréèkì tó ń fà

Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kí táyà ní wà lára sítíkà tó wà ní férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀ kì í ṣe òun. Ìyẹn ni iye tí kò gbọdọ̀ kọjá. Àárọ̀ ni kí ẹ wò ó, kí ọkọ̀ tó rìn, torí pé táyà tó ti gbóná máa ń fi iye tó ju ti òótọ́ lọ hàn. Bí ojú ọjọ́ bá tutù sí i, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á dín kù, bíi psi kan (psi ni òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà) fún ìwọ̀n 5 tàbí 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni kí ẹ máa wò ó.

Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ agbára ṣírò pé bí psi kan bá dín nínú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìrìn tí ọkọ̀ ń rìn lórí epo á dín kù ní nǹkan bí ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Psi mẹ́wàá, ìdá méjì. Ó kéré lójú, àmọ́ àtúnṣe tí ẹ lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kò sì ní ná yín ní ohunkóhun.

Ibi tí ìpàdánù ńlá wà ni ìgbà tí táyà bá jẹ tán, tí wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Táyà tó bá hybrid dé láti ilé-iṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ irú èyí tó ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, tí kì í fi ara rọ́ ilẹ̀ púpọ̀. Bí fọkanáísà bá fi èyí tó fẹ̀ sí i, tàbí rímù ńlá ológe, sí i, ọkọ̀ á rẹwà lójú, epo á sì máa lọ láìdáwọ́ dúró, kò sì sí ìwakọ̀ jẹ́jẹ́ tó lè gbà á padà. Ẹ bèèrè fún táyà tí kì í fa ilẹ̀, ní ìwọ̀n tó wà lórí sítíkà.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì yìí, hybrid ló bá jù. Nítorí pé ẹ̀rọ iná ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú dídá ọkọ̀ dúró, pádì àti kálípà rẹ̀ (ohun tó ń ti pádì mọ́ díìsì) lè wà fún ìgbà pípẹ́ láìṣe iṣẹ́ gidi. Pádì kì í tètè jẹ, inú ẹni a sì máa dùn sí i, ṣùgbọ́n pín-ìn-nì tí kálípà ń yọ̀ lórí rẹ̀ á dípẹtà, á há, pádì á máa fi ara nu díìsì láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ fi ìrìn jẹ́jẹ́ tí kò ní bíréèkì líle nínú dán an wò: nígbà tí ẹ bá dúró, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ rímù kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Èyí tó gbóná ju ìkejì rẹ̀ lápá òdìkejì lọ ni kí mẹkáníìkì tú. Kí ó fọ pín-ìn-nì náà, kí ó fi gíríìsì tó yẹ sí i, kódà bí pádì bá ṣì nípọn.

Bí ọkọ̀ bá ń fà sápá kan, ẹ ṣe aláìnímẹ́ńtì rẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jẹ́ kí bátìrì rí afẹ́fẹ́ fà

Nínú ọ̀pọ̀ hybrid, fáànù kan wà tó ń fa afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ láti tu bátìrì ńlá lára. Ẹnu rẹ̀ sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, ó dà bí ihò olójú wẹ́wẹ́ tí ènìyàn lè rò pé ti ohùn rédíò ni. Ibẹ̀ gan-an ni ènìyàn máa ń ju aṣọ, báàgì àti páálí sí. Bí eruku àti irun ẹran ọ̀sìn bá dí fílítà rẹ̀, bátìrì á gbóná, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á sì dín iná tó ń gbà lọ́wọ́ bíréèkì àti èyí tó ń fún ẹ̀rọ iná kù láti dáàbò bò ó. Ẹ̀yin á kàn rí i pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ju tàtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹ yọ ìdérí ihò náà, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fa fílítà rẹ̀, ẹ dá a padà. Bí fáànù fúnra rẹ̀ bá ti kún fún eruku, ẹni tó mọ iṣẹ́ hybrid ni kí ẹ gbé e fún. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tí ẹ bá rí lọ́nà, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá: bátìrì Prius ìran kejì, fún àpẹẹrẹ, ju fóòtì 200 lọ, iye tó lè pa ènìyàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ́ńjìnnì

Ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ bá dárúkọ ni kí ẹ lò. Fún ọ̀pọ̀ hybrid, 0W-20 ni (òǹkà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó), tàbí èyí tó tún fúyẹ́ jù ú lọ. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan fi ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún sí èrè ọ́ìlì tó tọ́. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń sọ pé 0W-20 ti fúyẹ́ jù, kí ẹ lo èyí tó ki. Lára hybrid, èyí tó ki tún burú sí i, torí pé ẹ́ńjìnnì yìí ń kú, ó sì ń jí lọ́pọ̀ ìgbà lójú ọ̀nà kan, ó sì yẹ kí ọ́ìlì dé ibi gbogbo kíákíá.

Fílítà afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí kì í jẹ epo bí wọ́n ṣe ń sọ. Nínú ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà á kàn dín epo kù bá afẹ́fẹ́ tó ń wọlé mu. Agbára tí ọkọ̀ fi ń sáré ló ń dín kù. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò, ṣùgbọ́n ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu.

Tẹ́mósítáàtì, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣọ́ ooru omi ẹ́ńjìnnì, ni kí ẹ fura sí. Bó bá há ní ṣíṣí, omi tútù láti inú rédíétọ̀ á máa yí ẹ́ńjìnnì ká láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní gbóná dé ibi tó yẹ. Lára ọkọ̀ lásán, ó lè má hàn. Lára hybrid, kọ̀ǹpútà kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú fàlàlà bí kò bá tíì gbóná tó, nítorí náà gbogbo èrè dídúró láìjẹ epo á parẹ́. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í kú ní ojú iná ìdarí ọkọ̀ lẹ́yìn ìrìn tó ti pẹ́, kó yẹ èyí wò kó tó dá bátìrì lẹ́bi.

Bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ má gbójú fò ó. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn (èyí tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín) tó ti bàjẹ́ lè mú kí epo máa ṣòfò lọ́nà tó ju gbogbo ohun tí ìwakọ̀ jẹ́jẹ́ lè fi pamọ́ lọ.

Ní ti epo fúnra rẹ̀: bí ìwé ọkọ̀ bá ní kí ẹ ra ti gbogbogbòò, èyí tó wọ́n jù ú lọ kò ní mú ọkọ̀ rìn jìnnà sí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti tanná sí i

Ẹ́ńjìnnì tútù ni ọ̀tá hybrid. Bí ẹ bá ti tanná sí i, kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kódà bí bátìrì bá kún, torí pé ó gbọ́dọ̀ gbóná, kí ó sì mú ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́ gbóná pẹ̀lú. Kò sí bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí epo yẹn má lọ lásán: ẹ má dúró sójú kan kí ó máa gbóná. Ẹ kọ́kọ́ so bẹ́líìtì, ẹ tún dígí ṣe, ẹ yan ọ̀nà, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá ń ṣiṣẹ́, ẹ máa lọ, jẹ́jẹ́.

Ìrìn kúkúrú púpọ̀ ló ń pa epo jù. Kìlómítà méjì lọ, ọkọ̀ tutù, kìlómítà méjì bọ̀, ọkọ̀ tún tutù: ẹ́ńjìnnì kò ní dé ibi tó ti lè máa kú rárá. Ẹ da iṣẹ́ pọ̀ sí ìrìn kan. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ibi tó jìnnà jù, kí ẹ wá máa yà síbi kúkúrú nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Ẹ́ńjìnnì á ti gbóná jinlẹ̀, ooru náà á sì dúró nígbà tí ẹ bá yà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ẹ ṣe ń gbéra

Ibí yìí ni mo ti ń yapa sí ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ jù. Wọ́n á ní kí ẹ rọra tẹ tọ́tù bí ẹni tó ń tẹ ẹyin mọ́lẹ̀, kí ọkọ̀ máa fi iná nìkan gbéra títí ó fi dé eré tí ẹ fẹ́. Gbígbéra ni iṣẹ́ tó le jù tí ọkọ̀ ń ṣe nínú ìlú. Bí ẹ bá fi iná bátìrì ṣe é, iná náà ti gba ọ̀nà jíjìn kọjá kó tó dé táyà, ẹ́ńjìnnì á sì tún padà wá rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe é tààrà, agbára epo ń lọ sí táyà láìyà sí ibòmíràn. Ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú kò fẹ́ràn iṣẹ́ tó kéré jù: nígbà tí ẹrù orí rẹ̀ bá mọ níwọ̀n, tí kò fúyẹ́ jù, tí kò sì wúwo jù, nígbà náà ló ń mú iṣẹ́ tó pọ̀ jù jáde lára epo.

Nítorí náà, ẹ tẹ tọ́tù níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Lójú géèjì agbára tó wà nínú ọ̀pọ̀ hybrid, ẹ jẹ́ kí ó wà ní apá òkè agbègbè ECO (ti mímọ epo lò), kí ó má wọ PWR (ti agbára líle). Bí ẹ bá ti dé eré tí ẹ fẹ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù pátápátá kí ẹ́ńjìnnì lè kú, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ kàn án fẹ́rẹ́. Ọkọ̀ á máa yí lọ, iná díẹ̀ á máa ràn án lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí bátìrì mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn, kí ó máa di eré mú lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ.

Bọ́tìnnì EV, ibi tí mo rò pé ó wúlò sí kò pọ̀: yíyọ ọkọ̀ kúrò ní gáréèjì, tàbí sísún un síwájú díẹ̀ láìjí ẹ́ńjìnnì tútù. Bọ́tìnnì ECO yàtọ̀. Ó ń sọ tọ́tù di ẹlẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì ń dín agbára AC kù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo á jàǹfààní rẹ̀. Ẹni tó ti mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ í lò kò ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: bíréèkì, ibi tí owó wà gan-an

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọkọ̀ tó wúwo tó kìlógíráàmù 1,500, tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, gbé agbára bíi kìlójúùlù 208 lára eré rẹ̀. Lítà epo kan ní nǹkan bí kìlójúùlù 32,000 nínú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sọ ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ di iṣẹ́, gbígbé ọkọ̀ yìí láti ìdúró dé 60 ná yín ní bíi mílílítà 19, láìka ti afẹ́fẹ́ àti táyà. Dé 100, ó di bíi mílílítà 52. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá dúró, iye yẹn lẹ jù sílẹ̀. Ká ní bíréèkì hybrid dá ìdajì rẹ̀ padà, ìdajì ṣì lọ: ìdúró ọgọ́rùn-ún láti orí 60, ó ti sún mọ́ lítà kan.

Èyí tó dára jù nínú bíréèkì ni èyí tí ẹ kò tẹ̀. Ẹ máa wo iwájú jìnnà. Bí iná ìdarí ọkọ̀ bá ti pupa lọ́hùn-ún, kò sídìí láti máa tẹ tọ́tù débẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí ọkọ̀ máa yí lọ. Bó bá di àwọ̀ ewé kí ẹ tó débẹ̀, ẹ kò pàdánù nǹkan kan. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín yín àti ọkọ̀ iwájú, kí ó má jẹ́ pé bó bá ti tẹ bíréèkì ni ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àlàfo yẹn á jẹ́ kí ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ láìdúró pátápátá. Àwọn kan á wọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ dúró, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ó gùn. Ohun tí ẹ̀rọ iná lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà ní ìwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ti bátìrì. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lójijì, pádì ló máa gba ìyókù, ó sì di ooru. Ẹ wo agbègbè CHG (ìgbà tí iná ń wọ bátìrì) lójú géèjì: bí abẹ́rẹ́ tàbí ìlà náà bá ti dé ìpẹ̀kun, èyí tó lé lórí rẹ̀ ti lọ. Nígbà tí eré bá kù díẹ̀ kó tán, pádì ló ń parí iṣẹ́ náà. Àmọ́ ẹ̀mí ṣáájú epo: bí nǹkan bá já sójú ọ̀nà, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ tagbáratagbára.

Ẹ má fi ọkọ̀ sí N, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní fíríì, lórí ìrìn. Àṣà àtijọ́ ni, kò sì bá hybrid mu. Nínú hybrid Toyota, bátìrì kì í gba iná nígbà tí jíà bá wà ní N, yálà ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ ni o, tàbí ó dúró sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, pàápàá bí AC bá ń ṣiṣẹ́, bátìrì á gbẹ. D ni kó wà bí ẹ bá ń rìn, P bí ìdúró bá máa pẹ́.

Jíà B ńkọ́? Àwọn kan rò pé ó ń kún bátìrì ju D lọ. Ó ń fi ẹ́ńjìnnì di ọkọ̀ mú ni, apá kan agbára náà sì ń lọ sínú yíyí ẹ́ńjìnnì lásán. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn lórí òkè, níbi tí bátìrì ti kún tí bíréèkì sì lè gbóná, ni wọ́n ṣe é fún.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: márosẹ̀

Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ padà kì í lọ sókè bí eré ṣe ń lọ. Ìlọ́po eré lọ́nà eré ló ń bá lọ. Láti 100 sí 120, eré fi ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ sí i, àmọ́ ìtìpadà afẹ́fẹ́ fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀. Bátìrì kò lè ran ni lọ́wọ́ níbí, torí pé kò sí ìdúró tó ń dá iná padà. Ẹ dín eré kù, kò sí àṣírí mìíràn. Láti bíi 80 lọ sókè ni epo ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ lo ẹ̀rọ tó ń di eré mú fúnra rẹ̀. Níbi tí òkè àti ìsàlẹ̀ bá pọ̀, ẹ pa á: ó máa ń fi agbára gun òkè kí eré má bàa dín, ó sì ń di ọkọ̀ mú nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí eré dín díẹ̀ lórí òkè, kí ó padà wá bó bá ń sọ̀.

Àpótí ẹrù orí rúùfù, ẹ yọ ọ́ bí ẹ kò bá lò ó. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà kan náà fi ìdá 10 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún sí ohun tí èyí tó tóbi lè jẹ lórí eré márosẹ̀. Ẹrù inú búùtù kò burú tó bẹ́ẹ̀, kìlógíráàmù 45 jẹ́ bí ìdá kan, àmọ́ bó bá jẹ́ ẹrù tí ẹ kò lò láti ọjọ́ yìí, kí ló ń ṣe níbẹ̀?

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: AC àti ooru

Iná ló ń yí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ AC nínú ọ̀pọ̀ hybrid, ìdí nìyí tó fi ń tutù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú. Bátìrì ló ń fún un lóúnjẹ, ẹ́ńjìnnì á sì máa jí láti tún bátìrì bọ́. Bí ọkọ̀ bá ti wà lóòrùn, ẹ ṣí gbogbo wíńdò fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ooru jáde, kí ẹ tó pa wọ́n, kí ẹ tan AC, kí ẹ sì jẹ́ kó máa yí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ká dípò fífa ti ìta. Ìwọ̀n 24 tàbí 25 tó. Bí ẹ bá fi sí LO (ìtutù tó pọ̀ jù), AC kò ní dẹwọ́ rárá. Bí eré kò bá pọ̀, wíńdò ṣíṣí dín owó. Lórí márosẹ̀, ẹ pa wíńdò.

Òtútù ni ó fi ojú hybrid rí màbo. Ooru tí ẹ ń fẹ́ nínú ọkọ̀, ara ẹ́ńjìnnì ló ti ń wá, nítorí náà bí ẹ bá yí i sókè, ẹ ní kí ẹ́ńjìnnì má kú nìyẹn. Ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ni pé ní bíi ìwọ̀n 7 sísàlẹ̀ òdo, hybrid lè pàdánù tó ìdá 30 sí 34 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìrìn kúkúrú, sí bó ṣe ń rìn ní ìwọ̀n 25. Bí ìjókòó yín bá ní iná tó ń mú un gbóná, ẹ lo ìyẹn kí ẹ sì dín ooru inú ọkọ̀ kù. Ara ló ń mú gbóná tààrà, kì í ṣe gbogbo afẹ́fẹ́.

Ọkọ̀ tí a ń ki wáyà bọ̀

Fún irú èyí, táńkì kì í ṣe orísun kan ṣoṣo mọ́, ọ̀rọ̀ àwìn mi tòkè kò sì bá a mu tán. Ẹ máa ki wáyà bọ̀ ọ́ nígbàkígbà tí ẹ bá ráyè. Ẹ lo iná nínú ìlú, ẹ fi ipò hybrid sílẹ̀ fún márosẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ mú inú ọkọ̀ tutù tàbí gbóná nígbà tí wáyà ṣì wà lára rẹ̀. Ipò tó ń fi ẹ́ńjìnnì kún bátìrì, ẹ yẹra fún un: epo ló tún ń ṣe iná tó bá wá láti ibẹ̀.

Bí iye náà bá ṣàdédé burú

Ká ní ọkọ̀ tó ń jẹ 4.7 tẹ́lẹ̀ ti di 6, ojú ọjọ́ kò sì yí padà. Ẹ tẹ̀ lé e báyìí: afẹ́fẹ́ táyà, kálípà tó há, táyà tuntun tí kò bá a mu. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ẹ̀rọ OBD kékeré, èyí tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mọ̀, kà á, kí ẹ wo bóyá omi ẹ́ńjìnnì ń gbóná dé ibi tó yẹ, àti bóyá kóòdù kankan wà nílẹ̀. Ẹ wo fílítà fáànù bátìrì.

Bátìrì tó ti ń darúgbó ní àmì tirẹ̀: àwòrán bátìrì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù á máa kún kíákíá, á sì máa gbẹ kíákíá, fáànù ẹ̀yìn á máa pariwo, ẹ́ńjìnnì á máa jí láìnídìí. Bí ẹ bá rí ìwọ̀nyí, ẹ ka fóòtì ìpín bátìrì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú OBD nígbà tí ọkọ̀ ń fa iná líle, kì í ṣe nígbà tó dúró. Ìpín tó ń já sísàlẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ló ti rẹ̀. Àwọn kan á ní àwọn lè yọ ìyẹn nìkan kí àwọn fi òmíràn sí i. Ó máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ọjọ́ orí kan náà ni àwọn tó kù, kì í sì í pẹ́ tí òmíràn á fi tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ìpín ló ń rìn pọ̀ láìsí èyí tó yàtọ̀, ó lè má jẹ́ bátìrì. Ẹ padà sórí tẹ́mósítáàtì àti bíréèkì kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta bátìrì tuntun fún yín.